Ẹ Jẹ́ Kí Wọ́n Sọ Pé Owó Ni Wọ́n Gbà

Lẹ́tà ṣíṣí sí Ọ̀gá Àgbà ARCON, àjọ tó ń mójú tó ìpolówó ọjà, àti sí Ọ̀gá Àgbà FCCPC, àjọ tó ń gbèjà oníbàárà, ní Àbújá

Ẹ̀yin ọ̀gá wa,

Aránṣọ ni mí ní Ìlawẹ̀ Èkìtì. Mo gba ìwé ẹ̀rí NCE ní Ìkẹ́rẹ́, nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ yẹn ṣì ń jẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì tí kò tíì di yunifásítì, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìránṣọ ni Ọlọ́run fi ń bọ́ mi. Ó lé ní ogún ọdún tí mo ti jókòó tì í. Ọmọbìnrin mọ́kànlá ti ṣe fírídọ̀ọ̀mù lọ́dọ̀ mi, mẹ́rin ló kù ní ṣọ́ọ̀bù báyìí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó ń jẹ ìlú lọ́kàn, kí ó wá jókòó ti aránṣọ. Obìnrin tó ń wọ aṣọ wò kì í pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ mi parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Ọdún mẹ́ta ló fi kọ́ ọ. Ní gbogbo ọdún mẹ́ta yẹn, ìyá rẹ̀ tó ń ta gààrí ń fún un lówó díẹ̀díẹ̀ pé kí ó máa dá a fún alájọ, kí ó lè fi ra ẹ̀rọ tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tirẹ̀. Nígbà tí fírídọ̀ọ̀mù rẹ̀ ku oṣù méjì, mo bi í pé ẹ̀rọ dà. Ẹkún ló fi dá mi lóhùn. Èmi àti ìyá rẹ̀ jọ lọ sí yàrá tó háyà. Ìgò lọ́fíńdà mẹ́rìnlá ló tò sórí pákó tó kàn mọ́ ògiri, kò sí èyí tó lò dé ìdajì nínú wọn. Wíìgì mẹ́fà wà lórí àwọn orí oníke. Kọ́ọ̀pù onírin ńlá kan tó ní ọwọ́ àti sítírọ́ọ̀ wà lójú fèrèsé, bébà ara rẹ̀ kò tíì ṣí kúrò. Mo bi í pé kí ló ń fi kọ́ọ̀pù yẹn ṣe.

Ó ní, "Àǹtí, gbogbo wọn ló ní i."

Mo ní ta ni gbogbo wọn. Ó na fóònù rẹ̀ sí mi.

Ìyá rẹ̀ kò sọ nǹkan kan. Ó mú ìgò kan, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì rọra dá a padà síbi tó ti mú un, bí ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀bù olóṣọ̀ọ́ tí kò fẹ́ fọ́ ọjà ọlọ́jà.

Owó àjọ nìkan kọ́ ló bá a lọ. Ọmọ yìí ti yá owó lórí áàpù mẹ́ta. Èyí tó kọ́kọ́ yá jẹ́ 20,000 náírà. Ó yá èkejì láti fi san ti àkọ́kọ́, ó yá ẹ̀kẹta láti fi san ti èkejì. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, àwọn ayánilówó náà fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ wà lórí fóònù rẹ̀ pé olè ni. Pásítọ̀ rẹ̀ rí i gbà. Èmi náà rí i gbà. Ẹ̀yin FCCPC mọ irú ìwà yìí ju mi lọ. Láti oṣù Kẹjọ ọdún 2021 ni NITDA, àjọ ìmọ̀ ẹ̀rọ ti ìjọba àpapọ̀, ti bu ìtanràn mílíọ̀nù 10 náírà lé Soko Loan lórí nítorí irú nǹkan báyìí, ẹ̀yin náà sì ti gbé ìlànà jáde lẹ́yìn ìyẹn lórí àwọn tó ń yáni lówó lórí fóònù. A dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ ni gbèsè. Ohun tó sún ọmọ yẹn dé ìdí gbèsè ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Mo gba orúkọ àwọn tó ń wò lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo wọn fúnra mi lálẹ́. Influẹ́nsà ni àwọn ọmọ ń pè wọ́n. Obìnrin kan á ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, á ní kí a wá wo àkójọ òun. Lọ́fíńdà àádọ́ta. Báàgì lórí báàgì. Ohùn rẹ̀ máa ń tutù, bí ohùn ọmọ ìyá ẹni. Á ní èyí ni òun ń fi sára láàárọ̀, èyí ni ti ọjọ́ Jimọ̀, èyí ni ti òde alẹ́, ẹni tí kò bá sì ní èyí kò tíì mọ ohun tí lọ́fíńdà ń jẹ́. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, èyí tí à ń yìn lọ́sẹ̀ tó kọjá á ti di ti àná. Mo wò ó fún bí oṣù kan, mi ò sì rí ọjọ́ kan tí obìnrin yẹn sọ pé ó ti tó.

Kọ́ọ̀pù ojú fèrèsé yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ wò. Stanley ni wọ́n ń pè é, àfarawé sì ni tọmọ yìí. Láti ọdún 1913 ni orúkọ Stanley ti wà lára fúláàsì, àwọn òṣìṣẹ́ oko àti ti ojú ọ̀nà ló sì ń lò ó jù ní Amẹ́ríkà. Kọ́ọ̀pù ńlá ọlọ́wọ́ yìí jáde ní 2016, kò fi bẹ́ẹ̀ tà, iléeṣẹ́ náà sì ti fẹ́ pa á tì. Àwọn obìnrin mẹ́ta kan tó ń júwe ọjà fún àwọn obìnrin ẹgbẹ́ wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló gbé e dìde. Nǹkan bí mílíọ̀nù 73 dọ́là ni iléeṣẹ́ náà pa ní 2019. Nígbà tó di 2023, ó ti di mílíọ̀nù 750. Ẹ bá mi rò ó. Irin ni kọ́ọ̀pù yẹn. Wọ́n ṣe é kí ó lè bá ẹni tó rà á darúgbó. Báwo ni wọ́n ṣe wá rí ìkejì àti ìkẹwàá tà fún ẹni kan náà? Àwọ̀ ni wọ́n ń yí. Àwọ̀ ewé, àwọ̀ òdòdó, àwọ̀ tí kò ní sí mọ́ tó bá di ọ̀la. Ohun tí wọ́n dá láti gbà wá lọ́wọ́ ríra òmíràn ni wọ́n fi ń mú wa ra òmíràn.

Labubu ni tàwọn ọmọdé. Bí ẹ bá rí ọmọ iléèwé kan tí nǹkan onírun tó la ẹnu tó léyín ṣọnṣọ rọ̀ mọ́ báàgì rẹ̀, òun nìyẹn. Kasing Lung tí wọ́n bí sí Hong Kong ló yà á sínú ìwé ọmọdé ní 2015, Pop Mart ti ilẹ̀ Ṣáínà sọ ọ́ di ọjà ní 2019, ìgbà tí Lisa, akọrin ẹgbẹ́ Blackpink, sì gbé e lọ́wọ́ ní 2024 ni ayé ya bò ó. Nínú páálí tí wọ́n lẹ̀ pa ni wọ́n ń tà á. Ẹni tó rà á kò ní mọ èyí tó wà níbẹ̀ àfi tó bá sanwó tán tó ya á. Tí kì í bá ṣe èyí tó fẹ́, á tún ra òmíràn. Àwa ní orúkọ fún ohun tó rí bẹ́ẹ̀ ní Èkìtì níbí. Tẹ́tẹ́ ni. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2025, wọ́n lu ọ̀kan tó ga tó èèyàn ní gbàǹjo ní Beijing, 1.08 mílíọ̀nù yuan ni ẹni tó rà á san. Èyí tí ọmọ oníbàárà mi kan gbé wọ ṣọ́ọ̀bù mi, ayédèrú ni, 4,000 náírà ni ìyá rẹ̀ rà á. Ọmọ náà ní ọ̀rẹ́ òun ní mẹ́ta.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé mi ò bínú sí ohun ẹwà. Ohun ẹwà ni iṣẹ́ mi. Mi ò sì ní purọ́ pé àwọn ìyá wa kò kó nǹkan jọ. Yàrá ìyá mi, láti ilẹ̀ títí dé òkè àjà, àwo tánganran ni. Wọ́n to wọ́n léra, èyí tó tóbi nísàlẹ̀, ìdérí wọn dojú kọ ẹnu ọ̀nà kí àlejò lè rí òdòdó ara wọn. A kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn wọ́n. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú àwo yẹn tí kò ní ìtàn. Èyí jẹ́ ti ìgbà tí wọ́n ṣe òkú bàbá wọn. Èyí ni ẹgbẹ́ wọn fi kí wọn nígbà tí wọ́n bí mi. Èyí ni wọ́n fi gbé iyán lọ sí ilé àna àkọ́kọ́. Aṣọ náà ń bẹ nínú àpótí: kíjìpá tí ìyá wọn fúnra rẹ̀ hun lórí òfì tó dúró ti ògiri, àti àlàárì kan. Ní ọdún tí mo wọ iléèwé gíga, àlàárì yẹn ni wọ́n tà kí n lè sanwó. Mo rántí bí wọ́n ṣe ká a, tí wọ́n fi ọwọ́ pa á lẹ́ẹ̀kan, tí wọ́n gbé e fún obìnrin tó rà á. Ìpamọ́ là ń pe ìyẹn. Ohun tí a kó jọ lónìí lè gbani lọ́la. Ta ló fẹ́ ra ìgò lọ́fíńdà tí ẹlòmíràn ti fín dé ìdajì?

Ẹní tí mo sùn lé lórí ní kékeré, ẹní Ògòtún ni, láti ìjọba ìbílẹ̀ tiwa níbí. Bí ó bá gbó ní etí, wọ́n á tún un hun. Ẹní oníke ló wà nínú ilé púpọ̀ báyìí, nítorí ó ń dán nínú fọ́tò.

Owó kòkó náà ń bẹ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 2024, tọ́ọ̀nù kòkó kan kọjá 10,000 dọ́là ní ọjà àgbáyé, ó sì fọwọ́ kan 12,000 kí ọdún yẹn tó parí. Owó dé ọwọ́ àwọn àgbẹ̀ wa ní Ìlawẹ̀, ní Ìsẹ̀, ní Emùré, owó tí ọ̀pọ̀ wọn kò rí irú rẹ̀ rí. Mo mọ̀ ọ́n nítorí ṣọ́ọ̀bù mi kún. Nígbà tí owó kòkó kọ́kọ́ dùn báyìí, láyé àwọn bàbá wa ní nǹkan bí 1950 sí 1959, wọ́n fi kan páànù, wọ́n fi ra kẹ̀kẹ́, wọ́n ra gírámafóònù pẹ̀lú, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn sọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ ní oṣù Kìíní ọdún 1955, owó kòkó yẹn kan náà ni wọ́n fi rán ọmọ kọjá ibi tí ọ̀fẹ́ parí sí. Páànù yẹn ṣì wà lórí ilé. Iye kòkó ti já wálẹ̀ gan-an láti ìgbà tí mo ń sọ yìí. Mo ka aṣọ tó wà lórí hángà mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, aṣọ tí mo ti rán tán tí àwọn tó ni ín kò wá gbà. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni. Wọ́n ti san àsansílẹ̀ lórí púpọ̀ nínú wọn. Kì í ṣe pé owó tán lọ́wọ́ gbogbo wọn. Àwọn mìíràn sọ fún mi lójúkojú pé sítáì yẹn ti kọjá, àwọn ti rí òmíràn.

Nígbà tí obìnrin kan ní Lọ́ńdọ̀nù bá ṣí kọ́bọ́ọ̀dù lórí fídíò, tó ní òun fẹ́ kó èyí tó ti sú òun dànù kí tuntun lè ráyè, mo mọ ibi tí wọ́n ń kó o lọ. Kútọnú ló ń gbà wọlé. Aṣọ àlòkù wà nínú ọjà tí ìjọba Nàìjíríà kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kó wọlé, síbẹ̀ bẹ́ẹ̀lì ọ̀kíríkà kò wọ́n ní Adó Èkìtì. Ní ọjà Kantamanto ní Àkrá, obroni wawu ni àwọn ará Gánà ń pè é, ìyẹn aṣọ òyìnbó tó ti kú, torí wọ́n rò nígbà àkọ́kọ́ pé kò sí ẹni tó wà láàyè tí yóò kó aṣọ tó dára báyẹn dànù. Òyìnbó náà kò kú. Ó wà láàyè, ó ń ra òmíràn.

Mo ti dé ibi tó nira fún mi láti kọ.

Ní ìparí ọdún 2023, iṣẹ́ dẹ̀ gan-an. Ọmọbìnrin kan wà tí mo mọ ìyá rẹ̀, ó kàwé jáde ní Adó, kò ríṣẹ́, ó sì ní ọmọlẹ́yìn tó lé ní 40,000 lórí TikTok. Èèyàn dáadáa ni. Òun ló ń gbọ́ bùkátà àwọn àbúrò rẹ̀ nínú iṣẹ́ yẹn. Mo fún un ní 15,000 náírà àti bùbá kan pé kí ó bá mi polówó ṣọ́ọ̀bù mi. Ó wọ bùbá náà, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà mi, ó sì sọ pé, "Ọdún mẹ́ta rèé tí mo ti ń ránṣọ lọ́dọ̀ àǹtí yìí, wọn ò já mi kulẹ̀ rí." Bùbá ọrùn rẹ̀ yẹn ni aṣọ àkọ́kọ́ tí mo rán fún un láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Mo dúró lẹ́yìn fóònù, mo gbọ́ ọ, mo sì rẹ́rìn-ín músẹ́.

Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Wọ́n wá láti Ìgbárá-Odò, wọ́n wá láti Àkúrẹ́. Obìnrin kan wá láti Ìkẹ́rẹ́, ó kó aṣọ méje lé mi lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo ní mà, ayẹyẹ wo lẹ fẹ́ ṣe? Ó ní kò sí ayẹyẹ kankan, ó kàn wu òun ni. Ó ní ẹni tó bá ti ń ránṣọ níbì kan fún ọdún mẹ́ta tí wọn kò já a kulẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó gbà gbọ́. Mo wo ojú rẹ̀, mi ò lè sọ òótọ́ fún un. Mo rán aṣọ méjèèje dáadáa, nítorí iṣẹ́ mi kò burú. Ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣẹ́ mi ló mú un gun ọkọ̀ láti Ìkẹ́rẹ́. Ẹ̀rí èké tí mo fi 15,000 náírà rà ni. Ó mú mẹ́ta lọ nínú méje náà. Mẹ́rin wà nínú mọ́kànlélọ́gbọ̀n tí mo kà fún yín lẹ́ẹ̀kan.

Bí mo ṣe rí lọ́fíńdà mẹ́rìnlá lórí pákó ọmọ iṣẹ́ mi, ohun tó wá sí mi lọ́kàn nìyí: ẹnì kan bí èmi ló sanwó kí obìnrin inú fóònù tó sọ pé òun fẹ́ràn rẹ̀. Bóyá ìgò mẹ́rìnlá, ẹni mẹ́rìnlá. Ọmọ náà kò sì mọ̀. Ó rò pé ọ̀rẹ́ ló ń bá òun sọ̀rọ̀.

Ti ẹni tó mọ ẹni tó ń bá òun dúnàádúrà yàtọ̀. Àwọn ará Ìkẹ́rẹ́ àti Ìsẹ̀ kò ní gbàgbé ilẹ̀kùn ààfin Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́. Ọlọ́wẹ̀, agbẹ́gilére Ìsẹ̀, ló gbẹ́ ẹ, tó fi ọba sí apá kan, tó sì fi ajẹ́lẹ̀ òyìnbó tí wọ́n gbé rù sí apá kejì. Wọ́n gbé e lọ sí àfihàn ńlá ní Wembley, ní Lọ́ńdọ̀nù, ní 1924, British Museum sì fẹ́ ẹ. Ògògà kò tà á. Àga ọba tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló gbà láti fi ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀. Ilẹ̀kùn náà ṣì wà lọ́hùn-ún títí di òní. Èmi rò pé pàṣípààrọ̀ yẹn kò dọ́gba, ó sì ń dùn mí bí mo bá rántí. Síbẹ̀, Ògògà mọ ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀, ó mọ ohun tí ẹni náà ń wá, ó sì mọ ohun tó fẹ́ jáde kúrò nínú ààfin rẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ mi kò mọ ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ìdí nìyí tí mo fi kọ̀wé sí yín, tí mi ò fi kọ ọ́ sí àwọn ọmọ. Gbogbo ẹnu ló ń bá àwọn ọmọ wí. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní mọ́ṣáláṣí, nílé, wọ́n ní wọn kò ní ìtẹ́lọ́rùn. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó ń tan ọmọ bá ti gba owó, tó sì fi owó náà pa mọ́, ẹ̀bi ẹni tí wọ́n tàn kò lè pọ̀ ju ti ẹni tó tàn án.

Òfin wà. Òfin ARCON ti ọdún 2022, tó gba ipò òfin àjọ APCON àtijọ́, fún ẹ̀yin ARCON lágbára lórí ìpolówó orí íntánẹ́ẹ̀tì gẹ́gẹ́ bí ti rédíò àti tẹlifíṣọ̀n. Ìgbìmọ̀ yín ló yẹ kó yẹ ìpolówó wò kí ó tó jáde sí gbangba. Ní oṣù Kẹwàá ọdún yẹn kan náà, ẹ gbé Meta tó ni Facebook àti Instagram lọ sílé ẹjọ́, ẹ ní kí wọ́n san bílíọ̀nù 30 náírà nítorí ìpolówó tí ẹ kò yẹ̀ wò. Ẹ̀yin FCCPC náà, ní oṣù Keje ọdún 2024, ẹ bu ìtanràn mílíọ̀nù 220 dọ́là lé Meta yìí kan náà lórí nítorí ọ̀rọ̀ àṣírí àwọn oníbàárà. Ẹ kò bẹ̀rù erin. Òfin tí ẹ̀yin FCCPC fi ń ṣiṣẹ́, tó ń jẹ́ ti ọdún 2018, sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi irọ́ tàbí ọ̀rọ̀ ìtànjẹ ta ọjà fún oníbàárà. Fídíò tèmi yẹn, irọ́ ni. Bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí, mo mọ̀ pé mò ń fẹjọ́ ara mi sùn.

Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ti ṣe é. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2022, ìjọba Amẹ́ríkà mú gbajúmọ̀ obìnrin wọn, Kim Kardashian, san 1.26 mílíọ̀nù dọ́là, nítorí ó polówó owó orí íntánẹ́ẹ̀tì kan láì jẹ́ kí àwọn tó ń wò ó mọ̀ pé wọ́n san 250,000 dọ́là fún un. Ilẹ̀ Faransé ṣòfin tirẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún 2023: bí owó bá ti wọ̀ ọ́, ó gbọ́dọ̀ hàn lára fídíò náà, kí ó sì hàn kedere, ẹ̀wọ̀n sì lè jẹ́ ti ẹni tó bá kọ̀. Ní Britain, wọ́n á kọ ọ́ sí i pé ìpolówó ni.

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kékeré tí wọ́n ń kọ sí ìsàlẹ̀ yẹn kò tó fún wa níbí. Ọmọ iṣẹ́ mi fi hàn mí pé ọ̀kan nínú àwọn obìnrin tó ń wò máa ń kọ ọ́ lóòótọ́, lẹ́tà méjì péré, lábẹ́ ogún ọ̀rọ̀ mìíràn, níbi tí ènìyàn ní láti tẹ fóònù lẹ́ẹ̀mejì kó tó rí i. Kò mọ ohun tó túmọ̀ sí. Yorùbá ni obìnrin yẹn fi polówó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Èdè tí ẹnu fi ta ọjà, òun ni kí ẹnu fi jẹ́wọ́.

Ohun tí mò ń bẹ̀ yín fún kò pọ̀. Mi ò ní kí ẹ ní kí gbogbo ọmọ tó ní fóònù máa gbé fídíò wá sí ọ́fíìsì yín fún àyẹ̀wò. Ọmọbìnrin tó bá mi ṣe tèmi kò lówó ọkọ̀ débẹ̀, bí ẹ bá sì ṣe é bẹ́ẹ̀, àwọn kékeré lẹ máa mú, àwọn ńlá á rí lọ́yà gbà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni kí ẹ sọ di dandan, kí ó wá ní ìbẹ̀rẹ̀ fídíò, kí ó jẹ́ ohùn ẹni náà gan-an, ní èdè tó fi ń polówó. Kí ẹ kọ́kọ́ fi mú àwọn iléeṣẹ́ tó ń sanwó, nítorí ọwọ́ wọn ni owó ti ń jáde. Kí ẹ má sì gbà rárá kí ẹnikẹ́ni gba owó láti fi áàpù ayánilówó han àwọn ọmọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà tó ń tà fún wọn nínú fídíò kan náà. Mo ti rí i, ojú mi ló ṣe. Kí ẹ wá sọ ọ́ lórí rédíò Èkìtì lédè wa, ibi tí oníbàárà lè mú ẹjọ́ rẹ̀ lọ láì dé Àbújá. Owó oṣù tó kéré jù ní orílẹ̀-èdè yìí jẹ́ 70,000 náírà, ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ kò sì tíì fojú kan owó oṣù kankan. Ẹni tí owó rẹ̀ kéré báyẹn yẹ kó mọ̀ bóyá ọ̀rẹ́ ló ń bá òun sọ̀rọ̀ tàbí ọlọ́jà.

Ọmọ iṣẹ́ mi ń lo ẹ̀rọ mi àtijọ́ báyìí, ó ń fi iṣẹ́ san gbèsè rẹ̀. Mo sì ti lọ bá ọmọbìnrin tó polówó mi. Mo ní kí ó yọ fídíò ọdún 2023 yẹn kúrò, kí a ṣe òmíràn. Ẹ̀rù kọ́kọ́ bà á pé àwọn ọmọlẹ́yìn òun á bínú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ èyí tuntun, ó wo ojú fóònù, ó sọ pé, "Àǹtí tó rán aṣọ yìí ló sanwó fún mi kí n tó sọ̀rọ̀." Ó wá sọ ohun tó rí gan-an: pé ojú rírán mi gún, pé mo máa ń pẹ́ díẹ̀. Àwọn oníbàárà ṣì ń wá. Wọn kò pọ̀ tó ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n aṣọ kan tàbí méjì ni wọ́n ń kó wá, wọ́n sì ń wá gbà á.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ ọ́ di dandan fún gbogbo wa.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Aránṣọ kan ní Ìlawẹ̀ Èkìtì